Bí A Ṣe Gbé Yàrá Mẹ́jọ Wọ Bájì ní Ìwópin

Àwọn tó ń fa iyanrìn lójú ọ̀sà ló ni bájì náà. Ó ti sú wọn láti máa fi ọkọ̀ kékeré kó òṣìṣẹ́ lọ kó wọn bọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n wá fẹ́ kí wọ́n máa sùn síbi iṣẹ́. Ní Ìwópin, létí omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ni àwọn wẹ́dà ti ń jó irin bájì yẹn pọ̀: abẹ́ pẹlẹbẹ tó léfòó, àti ilé irin onípele méjì tó dúró lé e lórí. Ṣọ́ọ̀bù tiwa wà ní Ṣágámù. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé ká kan yàrá mẹ́jọ parí ní Ṣágámù, bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, gílóòbù, ilé ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, ká gbé wọn lọ sí etí omi, ká sì tì wọ́n wọ inú ilé irin náà, mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́rin lókè.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ńlá. Icon of the Seas, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí wọ́n kàn ní Turku ní orílẹ̀-èdè Finland, tó parí ní 2023, yàrá èrò inú rẹ̀ jẹ́ 2,805. Bí wọ́n bá ní kí káfíńtà máa wọlé lọ kan ìṣó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ á di bàbá àgbà kí wọ́n tó parí. Nílé níbí náà, Egina, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń fa epo rọ̀bì lójú òkun, tó kúrò ní Èkó ní 2018, mẹ́fà nínú àwọn ẹ̀ka ńlá tó wà lórí rẹ̀, Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti gbé wọn gùn ún. Tiwa kò ju bíńtín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n nǹkan kan náà ló ń bà á jẹ́, nǹkan kan náà ló sì ń tún un ṣe: èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀lé e.

Èyí tó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni iná. Mo lọ bá olórí àwọn wẹ́dà, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní gbé yàrá kankan kúrò ní Ṣágámù títí ẹ ó fi jó irin yín tán pátápátá.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, ẹ máa gbé e bọ̀. A ó fi tapólì bò ó.”

Mi ò gbà. Ẹ̀tapàrà iná tó ń fò láti ara irin tí wọ́n ń jó tàbí tí wọ́n ń fi fáìlìn gé, ara ọ̀dà ni ó ń lẹ̀ mọ́, kò sì ní pẹ́ tí ibẹ̀ á fi dógùn-ún. Ìyẹn ṣì kéré. Bí wọ́n bá ń jó irin ní ìhà ọ̀hún ògiri, ooru náà á gba ara irin kọjá wá sí ìhà ibí, á sun wáyà, á sì yọ́ gọ́ọ̀mù tó mú pánẹ́ẹ̀lì pọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí iná kankan. Èmi àti ẹ̀gbọ́n wẹ́dà wá mú ẹfun, a rin ilé irin náà láti ẹsẹ̀ dé òrùlé. Ibi tí páìpù máa rọ̀ mọ́, a fàmì sí i. Ibi tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́sì máa gbà, a fàmì sí i. Gbogbo ihò tí wáyà máa là kọjá, a ní kí wọ́n ti jó òrùka irin sí i. Ó ń ráhùn pé ọmọ Ṣágámù yìí fẹ́ fi ẹfun kun bájì òun tán ni, ṣùgbọ́n ó ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àkókò iṣẹ́ náà lọ, ibẹ̀ ló lọ. Gbígbé yàrá wọlé fúnra rẹ̀ kò gba nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà ló kan ẹsẹ̀ tí yàrá máa dúró lé. Dẹ́ẹ̀kì irin kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ooru jíjó irin ti fà á síbí, ó ti fà á sọ́hùn-ún, ó jìn níbí, ó wú lọ́hùn-ún. Nítorí náà a kì í gbé yàrá lé dẹ́ẹ̀kì lásán. Ẹsẹ̀ irin kúkúrú mẹ́fà ni wọ́n máa ń jó mọ́lẹ̀ fún yàrá kọ̀ọ̀kan, a ó wá to páànù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lé orí èyí tó bá kúrú láàárín wọn títí orí gbogbo wọn á fi dọ́gba, a ó sì fi rọ́bà lé e kí ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì má bàa máa wọ ara ẹni tó ń sùn.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fẹ́ máa bá wa jà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bíríkìlà tó ń ràn wá lọ́wọ́ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé ẹsẹ̀ tí a ti wọ̀n, ó pariwo pé ó wọ́. Kò wọ́ o. Bájì náà ti wà lójú omi, ẹ̀rọ tó ń fa iyanrìn sì ti wà níwájú rẹ̀, ó wúwo, ó tẹ imú bájì sísàlẹ̀. Ṣebí omi ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀lé, kì í tẹ̀lé bájì. Bí ẹ bá fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì tún un ṣe lónìí, tí wọ́n bá da díísù sínú táńkì ẹ̀yìn lọ́la, gbogbo yàrá yín á dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Okùn la fi ṣe é: a ta okùn láti ògiri iwájú dé ìdí ilé irin náà, a wọn gígùn láti ara okùn dé orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì wọn igun sí igun ní àgbélébùú kí á mọ̀ pé àyè náà kò yà. Ara bájì ni kí yàrá bá dọ́gba, kì í ṣe ojú ọ̀sà.

Ní Ṣágámù ní tiwa, àríyànjiyàn mìíràn ló ń lọ. Alàájì tó ń ṣojú àwọn oníbájì wá wo yàrá àkọ́kọ́. Ó kan ògiri rẹ̀ kókókó, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn yìí ń náwó mi. Pílàíwúùdù pẹ̀lú fọ́mííkà, ṣé kò ní dúró ni?”

Ògiri tí a lò, páànù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe ló wà láàárín wọn. B-15 ni wọ́n ń pè é nínú òfin SOLAS tó ń dáàbò bo ọkọ̀ òkun: iná kò gbọdọ̀ là á kọjá fún ìṣẹ́jú 30, bẹ́ẹ̀ ni láàárín ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, ooru ẹ̀yìn rẹ̀, tí a bá pín in dọ́gba, kò gbọdọ̀ fi ju 140 dígírì lọ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo ní, “Alàájì, lórí ilẹ̀, ẹni tí iná bá ká mọ́lé á gba ojú fèrèsé bẹ́ sí àgbàlá. Lójú ọ̀sà, lóru, níbo ló máa bẹ́ sí?” Mo sọ fún un nípa Scandinavian Star, ọkọ̀ tó ń ti Norway lọ sí Denmark ní oṣù kẹrin ọdún 1990. Iná ṣẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ènìyàn 159 ló kú, èéfín ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, irú ike tí fọ́mííkà jẹ́ gan-an ni. Bó ṣe ń jó ló ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Alàájì dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ká máa bá iṣẹ́ wa lọ, àmọ́ ká dín owó bẹ́ẹ̀dì. Ìjẹ̀bú ni, ẹ má bínú.

Bẹ́ẹ̀dì náà, mi ò dín in kù. Òfin MLC 2006 tó wà fún òṣìṣẹ́ ojú òkun ní inú bẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 198 ní gígùn àti 80 ní fífẹ̀, kí òrùlé ga tó sẹ̀ǹtímítà 203, kí yàrá ènìyàn méjì nínú ọkọ̀ tí kò tó 3,000 nínú ìwọ̀n GT, ìyẹn ìwọ̀n bí inú ọkọ̀ ṣe tóbi tó, sì fẹ̀ tó mítà 7 níbùú lóròó. Òfin yẹn kò de bájì tó jẹ́ pé inú ọ̀sà nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ní ká lò ó, torí ẹni tó bá ti fi ọ̀sán fa iyanrìn kò yẹ kó fi òru ká ẹsẹ̀ kò.

Kí yàrá tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, a máa ń dí ojú ihò omi inú ilé ìwẹ̀ rẹ̀, a ó rọ omi sí i, a ó fi í sílẹ̀ mọ́jú. Èyí tó bá jò, Ṣágámù ni kó ti jò. A tan iná rẹ̀, a fi ọ̀rá bo ilẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì, a ti ìlẹ̀kùn pa, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi. Kọ́kọ́rọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: yàrá tó bá ní bẹ́ẹ̀dì níbi tí òṣìṣẹ́ pọ̀ sí, ẹ ó bá ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà.

Ní ti ìrìn, lóbẹ́ẹ̀dì, tírélà pẹlẹbẹ tó rẹlẹ̀, la fi gbé wọn gba ọ̀nà márosẹ̀ dé ìhà Ìjẹ̀bú-Òde, a wá ya sí ọ̀nà Ibiade. Alàájì fẹ́ kí àwọn àkọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Mo ní kó gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ Ojúde Ọba nìyẹn. Ìdajì nínú àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ti rán aṣọ ẹgbẹ́ fún régbérégbé wọn, ìdajì tó kù sì fẹ́ lọ wo ẹṣin. Òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú fìlà tó yẹ ẹ́.

Kéréènì dúró sórí ilẹ̀, ìdí bájì sì kọjú sí i. Ilẹ̀ etí omi yẹn rọ̀, nítorí náà a kọ́kọ́ to igi gẹdú sábẹ́ ẹsẹ̀ kéréènì. Bí ọrùn kéréènì bá ṣe nà jìnnà tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù tó, torí ẹ̀ la ṣe ní kí wọ́n fa bájì mọ́ bèbè dáadáa. Yàrá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì. Ìyẹn kọ́ ló ń bani lẹ́rù. Afẹ́fẹ́ ni. Ògiri rẹ̀ fẹ̀, bó bá sì ti ń di ọ̀sán ni atẹ́gùn máa ń gbéra láti ojú ọ̀sà. Òwúrọ̀ kùtùkùtù la máa ń gbé, pẹ̀lú okùn méjì tí àwọn ọmọ dì mú nílẹ̀ kí yàrá má bàa máa yí. Bàbá tó ń wa kéréènì kì í gba àmì lọ́wọ́ ènìyàn méjì. “Ẹnì kan ni kó máa juwọ́ sí mi,” ló máa ń wí, “ẹlòmíì kó fọwọ́ sápò.” Ó tọ̀nà.

Ìdí ilé irin náà la fi sílẹ̀ láìdí, ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Orí pẹpẹ irin tí a so mọ́ ẹnu ọ̀nà ni kéréènì ń gbé yàrá lé, a ó wá ti róólà sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó máa wà ní iwájú pátápátá ló kọ́kọ́ wọlé. Nọ́ńbà tí a kọ sára wọn láti Ṣágámù, bí wọ́n ṣe máa wọlé tẹ̀ léra ni, tírélà sì gbọ́dọ̀ kó wọn dé bẹ́ẹ̀. Nítorí pé imú bájì tẹ̀, yàrá fẹ́ máa sáré lọ síwájú fúnra rẹ̀. A fi ṣéènì bílọ́ọ̀kù mú un lẹ́yìn, a ń tú u díẹ̀díẹ̀, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ dúró níwájú rẹ̀. Tó bá dé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó fi jáàkì gbé e, a ó yọ róólà, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó sì fi bóòtù dè é. Bóòtù o, kì í ṣe iná.

Láàárín yàrá kan sí èkejì la fi àyè sílẹ̀ fún páìpù, ojú ihò rẹ̀ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Plọ́ńbà àti rìwáyà kò nílò láti wọ yàrá rárá: wọ́n á ṣí páànù kékeré lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n á so omi, wọ́n á so ìdọ̀tí, wọ́n á so iná, wọ́n á dé e padà. Páìpù ìdọ̀tí ni mo dúró tì jù. Plọ́ńbà fẹ́ kó máa ṣàn sẹ́yìn, torí pé ẹ̀yìn rọrùn fún un láti gbé táńkì sí. Mo ní síwájú ni, níbi tí bájì ń tẹ̀ sí. Ìgbẹ́ kì í gun òkè.

Lókè àjà, láàárín àjà yàrá àti irin, àyè kan wà tó gbà láti ìdí dé iwájú. Iná fẹ́ràn irú àyè bẹ́ẹ̀. SOLAS ní kí ohun tó ń dí i má jìnnà síra wọn ju mítà 14 lọ. Tiwa kò gùn tó ìyẹn, síbẹ̀ a fi páànù àti òwú òkúta dí i ní àárín, a sì fi gọ́ọ̀mù tí iná kì í ràn dí ẹnu gbogbo òrùka tí wáyà gbà kọjá.

Ó wá ku ìdí tó ṣí sílẹ̀. Àwọn wẹ́dà ti gbé páànù irin dé, wọ́n ti tan ẹ̀rọ, wọ́n fẹ́ jó o pa, bẹ́ẹ̀ ni yàrá tó kẹ́yìn kò jìnnà síbẹ̀ ju ìwọ̀n apá kan lọ. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà fúnra rẹ̀ ló dá wọn dúró kí n tó sọ̀rọ̀. Ó rántí pé òun ti jó férémù sí ẹnu ọ̀nà yẹn nígbà tí a ń fi ẹfun rìn ká, ihò bóòtù sì ti wà lára rẹ̀. A fi rọ́bà sí i, a gbé páànù náà lé e, a fi bóòtù yí i ká. Bí ilé ìwẹ̀ yàrá kan bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á tú bóòtù, wọ́n á fà á jáde. Mo kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ lé Alàájì lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn pè mí pé òun fẹ́ fi diríìlì lu ògiri nítorí wáyà tẹlifíṣọ̀n. Mo sọ nọ́ńbà òrùka tó ṣófo lọ́dẹ̀dẹ̀ fún un, mo ní kó gba ibẹ̀, kó sì ra gọ́ọ̀mù tó máa fi dí i.