Ẹ Kọ Orúkọ Yín Sára Aago Ẹnu Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Tú Ẹrù: Bí A Ṣe Ń Kó Lọ Gbé ní Ìlú Kékeré ní Flanders

Mi ò ní sọ̀rọ̀ físà níbí o. Ẹni tó bá ti ní físà D, físà ìgbé pípẹ́, nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn ín, kò nílò olùkọ́. Ohun tí mo rí tó ń da àwọn èèyàn wa láàmú, ẹ̀yìn Zaventem, pápákọ̀ òfuurufú Brussels, ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí báàgì ti wọlé, tí ọbẹ̀ ti ń hó, tí oníkálukú rò pé òun ti dé.

Diest ni mo ń gbé, ìlú kékeré kan létí odò Demer ní Flanders, apá Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n ti ń sọ èdè Dutch. Ọkọ̀ ojú irin ń gba Aarschot lọ sí Leuven láti ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń kàwé ní Leuven ń sá wá síbí nítorí owó ilé. Ohun tí màá sọ yìí bá Lier mu, ó bá Tienen náà mu. Ẹ kàn mọ̀ pé ìlú dákẹ́: tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìsọ̀ ti ń padé, lọ́jọ́ Àìkú, oníbúrẹ́dì ló sábà máa ń ṣí.

Ẹ ṣètò ìwé kí ẹ tó wọ bàálù. Ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó, kí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá lù wọ́n lóǹtẹ̀, kí ẹ́ḿbásì Bẹ́ljíọ̀m tún lù wọ́n. Ẹni tó bá dé ibí kó tó rántí, àbúrò rẹ̀ nílé ló máa sọ di ìránṣẹ́. Ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta ni mo máa ń ṣe, inú fáìlì oníke tó ní bọ́tìnì ni mo ń kó wọn sí. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí ìkànnì Immoweb àti Zimmo la ti ń wá ilé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe iye owó. Ẹ bi onílé pé ṣé ẹ lè fi ibẹ̀ ṣe domicilie, ìyẹn àdírẹ́sì tí ìjọba mọ̀ yín mọ́. Tí ẹ bá rí "geen domicilie" (kò sí domicilie) nínú ìpolówó, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó ní kí ẹ wá bá òun gbé náà, ẹ bi í dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ni sílé tí kò ní jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, torí owó ìrànwọ́ rẹ̀ lè dín kù tí ẹlòmíràn bá bá a gbé. Ẹ má bínú sí i, ẹ wá ibòmíràn. Ní ti owó ìdógò, láti 2019 òfin Flanders ò gbà kó ju owó ilé oṣù 3 lọ, inú àkáǹtì tí báǹkì tì pa lórúkọ yín ló sì yẹ kó wọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ kà á sí òun lọ́wọ́, ẹ dágbére fún un.

Wàyí o, ibi tó ń bàjẹ́ nìyí. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 8 tí ẹ bá dé, ẹ gbọ́dọ̀ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní gemeente, ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ á tẹ orúkọ yín sínú kọ̀ǹpútà, á ní ó dàbọ̀. Ó jọ pé ó tán, àmọ́ wọn ò tíì gbà yín gbọ́ o. Ọlọ́pàá àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní wijkagent. Òun ló ń bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ibi tí ẹ ní ẹ ń gbé lẹ ń gbé lóòótọ́. Kì í sábà dá ọjọ́. Ó lè dé lọ́la, ó lè dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó wo ojú yín, ara aago ẹnu ọ̀nà àti àpótí lẹ́tà ló máa kọ́kọ́ wò. Tí orúkọ yín ò bá sí níbẹ̀, ó lè máà tẹ aago rárá. Á kọ ọ́ pé òun ò rí yín, káàdì ìgbélùú yín á sì dúró sójú kan.

Àbúrò kan fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà retí káàdì. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì pè mí o." Mo gbéra, mo lọ. Orúkọ ẹni tó ti kó jáde ló ṣì wà lára aago ìsàlẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ wà lóòótọ́: ó fi bírò kọ ọ́ sára bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ní àjà kẹta. Ọlọ́pàá wo ló fẹ́ gun òkè wá kà á? Èyí tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pè é n'Ìbàdàn ló kọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ mú mákà dúdú tí omi kì í ṣí. Orúkọ ìdílé bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ kọ, kódà tí wọ́n bá ṣi lẹ́tà kan kọ níbẹ̀. Tí orúkọ tọkọtaya ò bá dọ́gba, ẹ kọ méjèèjì. Ìyàwó kì í pààrọ̀ orúkọ ní ìlú wọn, kò ní yà wọ́n lẹ́nu. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ẹ fi sẹ́lótéèpù tó mọ́ gaara bò ó nítorí òjò, torí òjò ibí kì í rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá. Ọ̀kan lára aago, ọ̀kan lára àpótí lẹ́tà. Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ ra páànù tí wọ́n fín orúkọ sí. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ lo mákà ná kí páànù tó dé. Action, ìsọ̀ olówó pọ́ọ́kú kan, ni mo ti ń ra tèmi, owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ẹ má kóyán àpótí lẹ́tà kéré. Lẹ́tà tí nọ́ńbà àṣírí káàdì yín wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Apínlẹ́tà tí kò bá rí orúkọ á dá a padà.

Tí ọlọ́pàá bá wá tí ẹ ò sí nílé, ó lè fi ìwé pélébé sílẹ̀. Ẹ pè é lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ bá wà nílé, ẹ ṣílẹ̀kùn! Mo mọ ẹnì kan tó gbọ́ "politie" tó sá wọ ilé ìwẹ̀, tó ń dá èémí dúró. Kì í ṣe pé wọ́n wá mú yín. Pásípọ́ọ̀tù lẹ máa fi hàn án, ó lè béèrè ibi tí ẹ ń sùn, ó lè wo aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹ má ti owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ o, ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Ẹ fi kọfí lọ̀ ọ́, kó gbà tàbí kó má gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ara á tù yín. Ìwé tí wọ́n ń pè ní bijlage 15 ni wọ́n máa ń fún yín láti máa lò títí káàdì á fi jáde. Tí káàdì bá ti wà lọ́wọ́, ẹ wọ ziekenfonds, ẹgbẹ́ ìdójútòfò ìlera, fún ìtọ́jú ara, ẹ sì gbé áàpù itsme sórí fóònù; òun lẹ ó máa fi wọ gbogbo ibi ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kringwinkel, ilé ìtajà ohun àlòkù, ni kí ẹ ti ra àga àti bẹ́ẹ̀dì. Kẹ̀kẹ́ àlòkù tó, àmọ́ ẹ má gùn ún lálẹ́ láìsí iná.

Pàǹtírí ní ọjọ́ tirẹ̀ àti báàgì tirẹ̀. Báàgì búlúù PMD wà fún ike, agolo àti páálí wàrà, kì í ṣe fún egungun ẹran. Tí ẹ bá kó ohun tí kò yẹ sí i, ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n máa fi í sílẹ̀ sí kí gbogbo àdúgbò wò ó. Ẹ̀fọ́ gbígbẹ, èlùbọ́ àti epo pupa, Matonge, àdúgbò àwọn ará Áfíríkà ní Brussels, ni mo ti ń kó wọn wálé. Odó ńkọ́? Tó bá jẹ́ òkè ni ẹ ń gbé, ẹ fi sílẹ̀ nílé, ẹ máa ro ìyẹ̀fun iyán. Aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ kò mọ̀ pé iyán ni.

Ẹ kọ́ èdè Dutch láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ gemeente máa fi í ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kò kàn ní sọ ọ́. Tí ẹ bá wọlé oníbúrẹ́dì, ẹ kí gbogbo ẹni tó tò: "Goeiemorgen." Nínú kíkí, ọwọ́ wa kúkú mọ́.

Tí ẹ bá wá kó lọ sílé mìíràn lẹ́yìn ọdún kan, ọjọ́ iṣẹ́ 8 náà tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọlọ́pàá àdúgbò tuntun á tún wá. Mákà àti sẹ́lótéèpù, ẹ má kó wọn sínú páálí. Àpò ẹ̀wù ni kí ẹ fi wọ́n sí.