Bí A Ṣe Ń Yan Torque Converter fún Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe kì í rántí torque converter (ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà ọ̀tọ̀mátíìkì, tó ń fi epo gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sínú gíà; kọ̀ǹfátà ni n ó máa pè é) àfi ìgbà tí wọ́n bá ti náwó sórí ẹ́ńjìnnì tán. Owó tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n á fi ra èyí tí nọ́ńbà ara páálí rẹ̀ bá tóbi jù lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa di ẹ̀bi ru gíà pé kò gbé ọkọ̀ dáadáa. Ètò tí mo là sílẹ̀ níhìn-ín wà fún ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ máa wà lójú títì, kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ fi díje lórí pápá eré.

Ẹ mọ gíà tí ẹ ní

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀, ẹ má ṣe gbára lé ìwé ọkọ̀ nìkan, nítorí ọkọ̀ tó ti pẹ́ lè ti pààrọ̀ gíà kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ wo bí àwo epo abẹ́ gíà ṣe rí, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Orúkọ irú gíà ọ̀tọ̀mátíìkì ni mo fẹ́ dá yìí: ti Powerglide yàtọ̀ sí ti TH350, bẹ́ẹ̀ ni ti C4 àti ti TorqueFlite kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn Hydra-Matic àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ní torque converter rárá, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tó bá ní wọn.

Àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké kan wà tó máa ń dá ẹni padà sọ́dọ̀ ẹni tó tajà. TH400 kan wà láàárín 1965 sí 1967 tí abẹ̀bẹ̀ àárín kọ̀ǹfátà rẹ̀ ń yí igun padà; kọ̀ǹfátà TH400 lásán kò lè wọ inú rẹ̀. Chrysler fẹ ihò ẹ̀yìn kíráǹkì, tí imú kọ̀ǹfátà máa ń wọ̀, lára àwọn ẹ́ńjìnnì V8 kéékèèké rẹ̀ ní 1968, láti nǹkan bíi mìlímítà 39 sí 46. Ẹ́ńjìnnì 360 ti Chrysler kan náà sì wà tí irin ìdọ́gba rẹ̀ wà lára kọ̀ǹfátà fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi kọ̀ǹfátà lásán sí i yóò rí i tí gbogbo ọkọ̀ ń gbọ̀n.

Nọ́ńbà stall

Ibí gan-an ni owó ti ń ṣòfò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Stall ni iye ìyípo tí ẹ́ńjìnnì lè dé ní ìṣẹ́jú kan bí a bá tẹ àsẹ̀lẹ́rétọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, nígbà tí apá kọ̀ǹfátà tó ń yí gíà kò ráyè yí. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọkọ̀ kò ní rìn títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dé iye yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú gbólóhùn yìí tí a ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí stall rẹ̀ jẹ́ 2,500 ṣì máa ń rọra kúrò lójú kan bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí bíréèkì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹfátà rẹ̀ ń yọ̀ ju ti àtilẹ̀wá lọ, ohunkóhun tó bá sì yọ̀ nínú epo, ooru ló ń dà.

Ohun kejì tí wọn kì í sọ fún oníbàárà ni pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti kọ̀ǹfátà nìkan. Kọ̀ǹfátà kan náà tó dúró ní 2,000 lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kékeré lè gòkè ré kọjá 2,400 lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ńlá tí agbára ìyípo rẹ̀ pọ̀. Nítorí èyí, bí ẹ bá ń bá ẹni tó ń kan kọ̀ǹfátà sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe bù mọ́ agbára ẹ́ńjìnnì yín. Ẹni tó bá parọ́ pé ẹ́ńjìnnì òun lágbára gan-an, kọ̀ǹfátà tó le (tí kì í yọ̀ púpọ̀) ni wọn yóò kàn fún un, stall rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ ju ohun tó sanwó fún lọ.

Ẹ wá ṣírò iye ìyípo ẹ́ńjìnnì yín lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé àárín wíìlì ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì; ìwọ̀n táyà yín nìyẹn. Bí ẹ kò bá mọ iye gíà ẹ̀yìn (iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń wá láti gíà máa ń yí kí wíìlì tó yí lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe gíà tí a fi ń padà sẹ́yìn), kò sí ìdí láti tú u: ẹ ti gíà sí nútírà, ẹ dènà táyà iwájú, ẹ gbé wíìlì ẹ̀yìn kan sókè kí èkejì wà nílẹ̀, ẹ fi ẹfun sàmì sí ọ̀pá tó ń yí láti gíà lọ sẹ́yìn, kí ẹ wá yí wíìlì tó wà lókè ní ìgbà méjì géérégé. Iye ìgbà tí ọ̀pá bá yí ni iye gíà ẹ̀yìn, bí díìfù náà kò bá ti jẹ́ irú èyí tó ń so wíìlì méjèèjì pọ̀. Ẹ sọ iye kìlómítà tí ẹ ń sá ní wákàtí kan di púpọ̀ pẹ̀lú iye gíà ẹ̀yìn, ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 530, kí ẹ sì fi ìwọ̀n táyà ní sẹ̀ǹtímítà pín in. Ní eré 100, gíà 3.08 àti táyà sẹ̀ǹtímítà 66, èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2,470, bí ìpele òkè gíà bá jẹ́ 1:1.

Stall gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ èsì yìí, 500 ni mo sì máa ń fi sílẹ̀ láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye ìyípo tí camshaft yín (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni lágbára, èyí tí ìwé tó bá a wá máa ń kọ. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bíi 2,000, ọ̀rọ̀ ti bára mu. Bí camshaft bá ń béèrè 3,000 tí gíà ẹ̀yìn sì ń sọ 2,000, kò sí kọ̀ǹfátà tó lè parí ìjà wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló gbọ́dọ̀ kúrò, camshaft ni èmi sì máa ń kọ́kọ́ yọ.

Ẹ́ńjìnnì tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe, ti àtilẹ̀wá tó wà láàárín 1,500 sí 1,800 tó o. Camshaft tó le díẹ̀ ń fẹ́ 2,000 sí 2,400. Àmì tó dájú pé ẹ nílò kọ̀ǹfátà tó rọ̀ díẹ̀ (tí stall rẹ̀ ga sí i) ni pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ ní nútírà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kì í sí gíà, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á sì fẹ́ kú.

Ohun tó yẹ kí ẹ sanwó fún

Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi iná jó àwọn abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ mọ́ ara, tó sì ní bẹ́rìn-ìnì onírin tín-ín-rín (needle bearing) dípò wáṣà. Àwo tí wọ́n ń kàn mọ́ iwájú kí ó má baà wú kò pọn dandan fún ọkọ̀ ojú títì, ẹ fi owó yẹn ra kúlà epo gíà. Mi ò gbà kí stall kọjá 2,000 láìsí kúlà ọ̀tọ̀ níwájú rédíétọ̀. Bí ooru epo bá wà láàárín 80 sí 95 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kò séwu; bó bá ti kọjá 115, epo ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Kọ̀ǹfátà tó ti wà pẹ̀lú gíà tó fọ́, ẹ má ṣe tún un lò, nítorí èérún irin inú rẹ̀ kì í fọ̀ kúrò láìjẹ́ pé wọ́n là á.

Fífi í sáàyè rẹ̀

Ẹ da nǹkan bíi lítà kan epo gíà sínú rẹ̀, ẹ fi epo ra ọrùn rẹ̀, kí ẹ máa tì í wọlé bí ẹ ti ń yí i. Nínú àwọn gíà bíi TH350, ìgbà mẹ́ta ni ẹ óò mọ̀ ọ́n lára pé ó já wọlé: eyín ọ̀pá gíà, eyín ọ̀pá àárín, àti pọ́ǹpù. Ti pọ́ǹpù ló máa ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn oníwàǹwárà. Ẹ fi rúlà irin kan lélẹ̀ ní ìbú ẹnu ilé gíà, kí ẹ fi òmíràn wọn bí kọ̀ǹfátà ṣe jìn sínú tó, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti wọlé tán. Ẹ fi okùn dì í mú kó má yọ jáde bí ẹ bá ń gbé gíà sókè.

Ọwọ́ lásán ló yẹ kó mú ilé gíà lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí àlàfo bá wà, ẹ má ṣe fi bọ́ọ̀tù fà á, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tún un tì, nítorí bọ́ọ̀tù yẹn ni yóò fọ́ pọ́ǹpù. Lẹ́yìn tí ó bá lẹ̀ mọ́, kọ̀ǹfátà gbọ́dọ̀ ṣeé fi ọwọ́ yí, kí àlàfo mìlímítà 3 sí 5 sì wà láàárín rẹ̀ àti flexplate (àwo irin ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí a ń de kọ̀ǹfátà mọ́) kí ẹ tó fà á síwájú dì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi bíréèkì dán stall wò lẹ́yìn èyí kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 5, kí ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ ní nútírà kí epo lè tutù kó tó dán an wò lẹ́ẹ̀kejì.