Bí mo ṣe gbé àdìrẹ Ìyá Ìtòkú lọ sórí Wikipedia

Ohun tí mo rò pé òpin ọ̀sẹ̀ kan ló máa gbà mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, bóyá ẹlòmíì tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ kò ní í jìyà tó èyí tí mo jẹ.

Iṣẹ́ káàdì àti bébà ìpolówó ni mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ní Abẹ́òkúta níbí. Oníbàárà kan ní kí n fi àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ sí ẹ̀yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó òun. Mo wá a títí lórí Google, kámpálà tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe ló ń kó jáde ṣáá. Kámpálà dáa, èmi náà ń wọ̀ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya bátànì sí. Ohun tó wá dùn mí ni pé ibi tí mo jókòó sí kò jìnnà sí ọjà Ìtòkú, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ń ta àdìrẹ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Ìyá Ìtòkú ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mo bá sọ fún Àkànní àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, pé mo máa ya ẹlẹ́kọ yìí fúnra mi, mo máa kó o sórí Wikipedia, mo sì máa kọ abala kan nípa ẹ̀ sí èyí tó jẹ́ ti èdè Yorùbá.

"Èló ni wọ́n máa san fún yín?"

Mo ní kò sówó. Ó wò mí. Ó ní kò burú, òun máa bá mi gbé fóònù.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀: Jimmy Wales àti Larry Sanger ló dá Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ nǹkan síbẹ̀ tàbí kó tún ti ẹlòmíì kọ. Ward Cunningham ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní wiki, ní 1995. Ọkọ̀ tó ń kó èrò ní pápákọ̀ òfuurufú Honolulu ló ti mú orúkọ yẹn, "wiki wiki", tó túmọ̀ sí kíákíá ní èdè àwọn ará Hawaii. Kíákíá! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìyá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́kọ mọ́, ó ń gba àkókò, àwọn oníbàárà kò sì fẹ́ san owó ẹ̀. Nítorí tiwa ni wọ́n ṣe se láfún lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n da álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n rò ó títí ó fi ki dáadáa. Wọ́n mú ìyẹ́ adìyẹ kan, wọ́n gé ṣónṣó orí ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ya ilà sára aṣọ funfun. Ẹ wo ọwọ́ wọn: wọn kì í lo rúlà, wọn kì í sàmì sílẹ̀ kí wọ́n tó yà á, síbẹ̀ àwọn àpótí inú aṣọ yẹn dọ́gba bíi tilé tí bíríkìlà fi okùn wọ̀n. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í mú un. Wọ́n sá a, ó gbẹ, wọ́n wá rì í sínú aró.

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, Àkànní pariwo pé fóònù òun ti bàjẹ́, nítorí aṣọ náà rí bí ewé. Ìyá rẹ́rìn-ín. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí i, lójú wa báyìí ló ń dúdú lọ, láti etí aṣọ wá sí àárín, títí ó fi di aró. Àkànní ò mí títí ó fi ká fídíò náà tán. Mo rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti di tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí kíkó àwòrán sókè. Wikimedia Commons ni wọ́n ń pe ibi tí àwòrán Wikipedia máa ń wà, láti 2004 ló ti wà. Kó tó gba àwòrán lọ́wọ́ yín, ó máa bi yín bóyá iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Àkànní ti na ìka láti tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù. Fọ́tò, èmi ni mo yà á. Aṣọ inú fọ́tò ńkọ́?

Mo padà sí Ìtòkú lọ ṣàlàyé. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń lò ní Wikimedia Commons wá láti ọ̀dọ̀ àjọ Creative Commons, tí Lawrence Lessig, amòfin ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀; òpin ọdún 2002 ni àwọn ìwé àṣẹ náà kọ́kọ́ jáde. Èyí tí mo fẹ́ lò sọ pé ẹnikẹ́ni lè mú àwòrán yìí, kó tẹ̀ ẹ́, kó yí i padà, kó sì pín in, bó bá ti lè dárúkọ ẹni tó ni ín, tí òun náà sì fi èyí tó bá ṣe jáde lára ẹ̀ sílẹ̀ fún ayé bẹ́ẹ̀.

"Tó fi mọ́ kó tà á?"

"Tó fi mọ́ kó tà á, mà."

Wọ́n dákẹ́. Mo ti ń múra ohun tí mo máa sọ bí wọ́n bá ní rárá. Wọ́n wá ní, "Àṣàkẹ́, bátànì yìí, ta ló sọ fún ẹ pé èmi ni mo ni ín? Ọ̀gá mi ló kọ́ mi. Òun náà ní ọ̀gá. Ohun tó jẹ́ tèmi nínú ẹ̀ ni etí aṣọ yẹn, bí mo ṣe máa ń pa á dé. Kí wọ́n mú un. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dárúkọ. Kí wọ́n má kọ tèmi nìkan, kí wọ́n kọ ti ọ̀gá mi pẹ̀lú."

Àyè orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ kò ṣe é kó gbogbo ìyẹn sí. Inú àlàyé àwòrán ni mo kọ ọ́ sí, ìlà mẹ́rin gbáko: ẹni tó ya fọ́tò, ẹni tó ṣe aṣọ, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, àti pé ẹni tó kọ́ ìyẹn níṣẹ́ kò ní orúkọ tí a mọ̀ mọ́.

Mo ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti máa jọ ṣe nǹkan pọ̀. N ò gbà. Ìtòkú ti ń jọ ṣe é kí ìyá mi tó dé ayé. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Ní ti Ìyá, ẹ máa kọ́ṣẹ́, ẹ máa gbálẹ̀ ọ̀gá, ẹ máa ṣe fírídọ́ọ̀mù, ọwọ́ yín á tó wá tó bátànì. Ní ti Àkànní, kò sí ọ̀gá, kò sí ẹnu ọ̀nà. Á mú fídíò ẹni tí kò mọ̀ rí lórí TikTok, á fi tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó tó jí lọ́jọ́ kejì ẹlòmíì ti fi tiwọn méjèèjì ṣe ẹ̀kẹta. Kì í tọrọ àṣẹ. Àmọ́ bí ẹnì kan bá mú tiẹ̀ láì táàgì ẹ̀, ọmọ yìí kò ní í jẹun alẹ́. Ibi tó ń dun Ìyá náà ló ń dùn ún.

Ó ku kíkọ. Èmi tí mo ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ rò pé ìyẹn ló máa rọrùn jù. Mo kọ ọ́, mo so ọ̀rọ̀ náà "àdìrẹ" pọ̀ mọ́ ojú ìwé tó yẹ kó lọ, ó pọ́n. Tí nǹkan bá pọ́n ní Wikipedia, ó ń sọ pé irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí. Ó sì wà, mo ń wò ó! Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tan án. Alẹ́ odidi kan ló bá a lọ. Àṣé inú ìwé àtijọ́ kan tí mo tẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni mo ti mú ọ̀rọ̀ náà, ilà kékeré tó dúró gbọnrangandan ni mo sì fi sábẹ́ "e" nígbà yẹn. Ojú ìwé tiwọn, àmì tó-ó, ìyẹn dọ́ọ̀tì, ló wà lábẹ́ tiẹ̀. Lójú èmi àtẹ̀yin, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ ìyá kan kọ́ ni wọ́n. Láti 1875 tí àwọn oníjọ CMS ti ṣèpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tíì tán, ó tún wá tẹ̀ lé wa wọnú ẹ̀rọ.

Bí mo ṣe ní ó ti parí, lọ́jọ́ kejì, ìlà mẹ́ta ti pòórá nínú ohun tí mo kọ. Ìtàn kan tí Ìyá sọ nígbà tí wọ́n ń rì aṣọ sínú aró ni: pé nígbà ayé ìyá tiwọn, ọba fòfin de sódà àti aró òyìnbó l'Abẹ́òkúta, tí àwọn aláró sì fárí gá. Ẹni tó yọ ọ́ kúrò kò bú mi o. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jíròrò pé, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rí dà?"

Mo ní ẹnu ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde níbòmíì ni Wikipedia ń gbà. Inú bí mi. Mo kọ èsì gígùn kan, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ìdí ni pé tí a bá ní ìwé nìkan ni ẹ̀rí, tiwa ti tán nìyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ kò sí nínú ìwé. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo rò bẹ́ẹ̀: ní 2011, Achal Prabhala, olùwádìí ọmọ Íńdíà kan, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lọ gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè ṣe ẹ̀rí lórí Wikipedia. Òfin náà wà síbẹ̀. Kí n sì má purọ́, tí wọ́n bá ní ẹnu lásán ti tó, a máa rí ẹni tó máa sọ pé Odùduwà ló kọ́kọ́ rẹ àdìrẹ, á sì búra sí i.

Nǹkan kan wà nínú ìjíròrò yẹn tí Àkànní ló rí i, èmi ò rí i. Gbogbo wọn ló ń pe ara wọn ní "ẹ". Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí ẹnì kankan, nítorí náà àgbà ni gbogbo ènìyàn. Àkànní náà dá sí ọ̀rọ̀ lórí àwòrán kan tó kó sókè, wọ́n dá a lóhùn pé "ẹ ṣé gan-an, ẹ bá wa wò ó". Ó gbé fóònù sáré wá bá mi: "Wọ́n ní 'ẹ' fún mi!" Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń ró mi lọ́kàn. Nínú ilé wa, tí mo bá ti sọ̀rọ̀, Àkànní kì í bi mí pé ẹ̀rí dà. Èmi náà kì í bi Ìyá. Níbẹ̀, ọmọ tí ẹ̀ bá rán níṣẹ́ lè bi yín, ẹ kò sì lè dá a lóhùn pé mo jù ọ́ lọ. Ìyẹn gan-an ni mo rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa, kì í ṣe ká jọ ṣe nǹkan. N ò tíì mọ̀ bóyá mo fẹ́ ẹ nínú ilé mi.

Ẹlòmíì tó ń wò wá jà ló yanjú ẹ̀. Ó ní kí n wá The Bluest Hands, ìwé tí Judith Byfield tẹ̀ jáde ní 2002 lórí àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta láti 1890 sí 1940. Ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì ya àwọn ojú ewé tó kàn mí ránṣẹ́. Ó wà níbẹ̀: Aláké Adémọ́lá ló fòfin de sódà àti aró òyìnbó, àwọn aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Mo dá ìlà mẹ́ta mi padà, mo fi ìwé tì í lẹ́yìn. Mo lọ ròyìn fún Ìyá.

"Obìnrin tó kọ ìwé yẹn, ta ló sọ fún un?"

"Ó ka àkọsílẹ̀ ìjọba ìgbà yẹn ni, mà."

"Ta ló sọ fún ìjọba?"

Mo ronú sí i. Àwọn aláró ló lọ rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n kàn ń wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ kẹfà ni mo gbé fóònù fún wọn kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Wọ́n rọra ń wo àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró lórí ọ̀kan. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ ti kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé bátànì Ìbàdàndùn ni.

"Ìbàdàndùn kẹ̀? Òpó Mápó dà níbẹ̀?"

Òótọ́ ni. Ìbàdàndùn kì í wà láìsí òpó gbọ̀ngán Mápó n'Íbàdàn àti àwọn ṣíbí tó wà láàárín wọn. Àkànní ní kí òun yọ ọ́ kúrò kíá. Ó na ìka, ó tún dá a dúró. "Wọ́n máa béèrè ẹ̀rí o, Ìyá."

Ìyá dìde, wọ́n wọlé lọ. A gbọ́ tí ìdérí àpótí dún. Ìró kan tó ti ṣá ni wọ́n mú jáde, kò ju ìlàjì ìró lọ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga. Òpó mẹ́rin, ṣíbí láàárín wọn.

"Ẹ ya èyí," ni wọ́n wí. Àkànní fi aṣọ nu ojú kámẹ́rà fóònù, ó fa àga náà kúrò lábẹ́ òjìji.