Bí a ṣe ń wá ìtàn bàbá ńlá tó ja ogun Tógò ní 1914

"Ogun Jámánì" ni ọ̀pọ̀ àgbà ń pe gbogbo Ogun Àgbáyé Kìíní, ì báà ṣe ti Tógò, ti Kamẹrúùnù tàbí ti ilẹ̀ Faransé. Ti Tógò ló kúrú jù. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ 1914 ló bẹ́ sílẹ̀, Faransé wọlé láti Dahomey (Benin òde òní), Gẹ̀ẹ́sì wọlé láti Gold Coast (Gánà òde òní), nígbà tó sì fi di ọjọ́ 26 oṣù náà, Jámánì ti túúbá ní Kamina lẹ́bàá Atakpamé. Nítorí náà, kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí bàbá yín jà nínú wọn.

Ilé ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi ìyá àgbà ní ọdún, kò ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í bóyá bàbá ti gbéyàwó kí Ọba Tọ̀fá tó wàjà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nítorí 1908 nìyẹn. Ẹ bi í bóyá ó wọ ọkọ̀ òkun. Ẹni tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lójú ogun, ilẹ̀ Faransé ló lọ. Ẹni tí wọ́n mú wọṣẹ́ ológun ní 1915 kò lè ja ogun Tógò láéláé. Àwọn tó jà á ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun tẹ́lẹ̀. Òfin oṣù kejì 1912 ló sọ iṣẹ́ náà di dandan ní àwọn ilẹ̀ Faransé níhìn-ín. Ẹ tú àpótí wò pẹ̀lú: ìwé ọmọ ogun, àmì ẹ̀yẹ, ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Nọ́ńbà tó wà lórí èyíkéyìí nínú wọn níye lórí ju ìtàn wákàtí méjì lọ.

Lẹ́yìn náà ló kan orúkọ, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ìrètí nù. Akọ̀wé Faransé kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni. Ṣ di ch, j di dj, w àti u di ou. Adéṣínà á di Adechina, Òjó á di Odjo, Akínwándé á di Akinouandé. Nígbà mìíràn orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ, láìsí ti bàbá rẹ̀. Ọjọ́ ìbí lè má ju "vers 1890" (ní nǹkan bí 1890) lọ, ìlú rẹ̀ sì lè jẹ́ Savè (Ṣábẹ), Kétou (Kétu), tàbí kí wọ́n kàn kọ "Dahomey" kí wọ́n sì kọjá. Ẹ to gbogbo bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́ sínú ìwé kan, kí ẹ máa wá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Tirailleurs sénégalais ni wọ́n ń pe ọmọ ogun adúláwọ̀ wọn, ọmọ Ṣábẹ náà wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ará Senegal nìkan ni.

Bó bá kú sójú ogun, ẹ lọ sí Mémoire des hommes lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé àwọn tó kú fún Faransé nínú ogun 1914 sí 1918 wà níbẹ̀: orúkọ, ẹgbẹ́ ogun, nọ́ńbà, ọjọ́ àti ibi ikú. Ẹni tó padà wálé láyọ̀ ló le rí jù, ó dùn mí láti sọ ọ́. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìpamọ́ ìwé àwọn ológun Faransé ní ìlú Pau, kí ẹ fi nọ́ńbà sí i bí ẹ bá ní i.

Nílé níhìn-ín, ẹ lọ sí Archives nationales, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba, ní Ouando, ní Àjàṣẹ́. Ẹ má béèrè orúkọ bàbá. Ẹ béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́ ológun àti ìròyìn oṣooṣù láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ agbègbè yín, láti 1912 sí 1914, kí ẹ wá fara balẹ̀ kà á. Ìwé ìjọba gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé, Dakar ló wà.

Bí ẹ kò bá rí i níbì kankan, tó sì jẹ́ ará Kétu, ẹ wo òdìkejì ààlà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sá fún ìmúni-ṣe-ológun Faransé lọ sí Mẹ́kọ àti agbègbè rẹ̀ ní Nàìjíríà lásìkò ogun náà. Ẹ béèrè ní Mẹ́kọ agbo ilé tó wá láti Kétu nígbà náà, kí ẹ sì ki oríkì ilé yín fún wọn. Ẹni tó bá gbè é ni kí ẹ jókòó tì.