Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Ba Ògbólógbòó Pẹ́ńsù Alátẹ̀ Jẹ́

Mo ra pẹ́ńsù alátẹ̀ mi, èyí tí a máa ń tẹ̀ ní ìdí kí léèdì, ọ̀pá dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń kọ̀wé, tó yọ lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí mo ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, òun náà ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Lágere níbẹ̀ títí di òní. Ó ti lé ní ogún ọdún. Àwọn tí wọ́n mọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó a máa gbé tiwọn tọ̀ mí wá pé ó ti darúgbó, ó ti kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tú u, ohun tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀ ni pé ọwọ́ olówó rẹ̀ ni ó ṣe é léṣe.

Àṣìṣe tí ó burú jù ni pé kí léèdì há, kí a sì máa fi agbára tẹ ìdí rẹ̀. Eyín kékeré mẹ́ta wà nínú orí pẹ́ńsù tí wọ́n di léèdì mú, òrùka kan sì fún wọn pọ̀. Bí a bá tẹ ìdí pẹ́ńsù, eyín wọ̀nyí yóò ti léèdì síwájú títí wọn yóò fi yọ kúrò nínú òrùka, wọn yóò wá là. Bí a bá sì ti gbọ́wọ́ kúrò, sípíríǹgì yóò fà wọ́n padà kí wọ́n lè gbá léèdì mú ní ibòmíràn. Nínú àwọn pẹ́ńsù tí ó dára, idẹ ni wọ́n fi ń ṣe eyín náà. (Ará Ifẹ̀ kò yẹ kí ó ṣiyèméjì nípa bí idẹ ṣe ń pẹ́ tó: àwọn ère orí onídẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ti lo ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ilẹ̀.) Ẹni tí ó bá ń fi agbára tẹ pẹ́ńsù tí ó há, ńṣe ni ó ń lọ èérún léèdì di ìyẹ̀fun sójú eyín, ìyẹ̀fun yìí ni yóò sì máa jẹ́ kí léèdì tuntun yọ̀ padà sínú nígbà tí a bá ń kọ̀wé. Ohun tí ó tọ́ ni kí a tú ẹnu pẹ́ńsù sórí ìwé funfun, kí a gbọn èérún náà dànù, kí a sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nípọn tó léèdì ti èyí tí ó kù jáde. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un, nítorí yóò fẹ ihò náà, ihò tí ó bá sì ti fẹ̀ kò ní dín mọ́.

Ẹ má ṣe kó páálí léèdì kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì tàbí mẹ́ta ti tó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í wo nọ́ńbà ara pẹ́ńsù kí wọ́n tó ra léèdì. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí léèdì rẹ̀ ṣe nípọn tó ní mìlímítà. Bí wọ́n bá kọ 0.5 sí i, léèdì 0.7 kò ní wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ 0.7, léèdì 0.5 yóò kàn já bọ́ ni. HB, H àti B tí wọ́n ń kọ sára páálí léèdì kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ó ṣe nípọn tó rárá. Líle àti rírọ̀ ni wọ́n ń sọ. H le, ó sì ń fa ìlà tí kò dúdú púpọ̀, ṣùgbọ́n B rọ̀, ó ń dúdú, ó sì tètè ń kán bí ọwọ́ ẹni bá wúwo. Bí a tilẹ̀ ń pè é ní léèdì, èyí tí í ṣe orúkọ òjé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí òjé nínú rẹ̀.

Mo ti rí ẹni tí ó kán epo máṣínnì sínú pẹ́ńsù bàbá rẹ̀ pé kí ó lè máa yọ̀ dáadáa. Ó dùn mí gan-an, nítorí yíyọ̀ gan-an ni ohun tí eyín náà kò gbọ́dọ̀ ṣe. Aṣọ gbígbẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò.

Àwọn mìíràn gbà pé irú pẹ́ńsù yìí kò lè tọ́jọ́ bíi ti onígi. Ní 1822 ni Sampson Mordan àti John Isaac Hawkins ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ilé iṣẹ́ Mordan fi fàdákà ṣe sì wà lọ́wọ́ àwọn olùkójọ di òní. Nítorí náà, kílínà ìdí rẹ̀ tí ó tán kì í ṣe ìdí tí a fi ní láti jù ú nù.

Èyí tí ó kù ni àpò ẹ̀wù. Bí ẹ bá tẹ̀ ba, tí pẹ́ńsù já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, ẹnu rẹ̀ ni yóò sábà fi balẹ̀, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bá sì ti wọ́, bí a bá fi púláyà tọ́ ọ, ó lè kán pátápátá. Inú páálí tí ó le ni tèmi máa ń wà bí mo bá ń lọ sí ibi ilé tí wọ́n ń kọ́, mo sì máa ń ti léèdì rẹ̀ wọlé kí n tó pa á dé.