Ẹ wo àkókò láàbù kẹ́ ẹ tó sanwó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sán ní Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ wá fẹ́ máa fi alẹ́ ka sáyẹ́ǹsì kẹ́ ẹ lè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ẹ mú kọ́ọ̀sì kan péré ní sáà àkọ́kọ́. General chemistry ni kó jẹ́, torí òun ló ń ṣáájú organic chemistry, ìyẹn náà ló sì ń ṣáájú biochemistry.

Kíláàsì lè jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí láàbù rẹ̀ wá bọ́ sí ọ̀sán Ọjọ́rú! Ó ṣe mí rí; gbogbo ìsinmi tí mo ní lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yẹn ló bá a lọ.

Tí kọ́ọ̀sì bá fẹ́ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tètè yọ orúkọ yín kí gbèdéke tó kọjá. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, AMCAS, ìyẹn ètò tí wọ́n ń gbà kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ṣì máa ka máàkì àkọ́kọ́ mọ́ tuntun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba dìgírì ní Nàìjíríà, wọn kì í ka máàkì ibẹ̀ mọ́ GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì yín, nítorí náà kíláàsì alẹ́ yìí gan-an ni wọ́n máa fi wọ̀n yín.