Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Àwọn Ará Ṣáínà Ní Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì Tó Jẹ Mọ́ Oúnjẹ

Láàárín oṣù kan yìí nìkan, olùkọ́ tuntun mẹ́ta ni ó ti kó káàdì alàwòrán tí wọ́n fi owó gidi rà wá hàn mí, tí wọ́n ń béèrè ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn láti Ṣáínà fi mọ ogójì àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí, tí wọn kò sì lè lo ẹyọ kan bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú, nítorí pé owó kò rọrùn láti rí, àti nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ níkẹyìn.

Àṣìṣe kìn-ín-ní, èyí tí ó burú jù lójú tèmi, ni fífi àwòrán kọ́ni. Ẹni tí ó bá ya ẹ̀wà tí ó dà sílẹ̀, tí ó sì kọ "spill the beans" sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀wà ni ó fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò kọ́ ọ ní títú àṣírí. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni èmi náà lò ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ní ọjọ́ kan, akọ̀wé ọ́fíìsì wọn gbé ike kọfí kalẹ̀, ike dojú dé, èso kọfí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "beans" bíi ẹ̀wà, sì fọ́n ká orí tábìlì. Bí ọ̀gá ṣe ń wọlé bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi nawọ́ sí akọ̀wé náà, ó ní, "She spilled the beans." Ọ̀gá dúró, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi obìnrin náà léèrè ẹni tí ó tú ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ fún. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé kọfí ni wọ́n ń sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí òun sọ tí obìnrin yẹn fi sunkún, n kò sì mọ ẹni tí mo lè dá lẹ́bi ju ara mi lọ. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ni kí n sọ ìtàn kékeré kan fún un, pé àwọn ọ̀rẹ́ ń múra àsè ọjọ́ ìbí ní ìkọ̀kọ̀, ẹnì kan sì lọ sọ fún ọlọ́jọ́ ìbí. Kí n wá béèrè ohun tí wọ́n ń pe irú ìwà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Shuō lòu zuǐ ni ì bá fi dá mi lóhùn, ìyẹn ni pé ẹnu ẹni náà jò. Ìgbà náà ni ǹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, kí n sì fi yé e pé ẹnu a máa jò láìmọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ "spill the beans".

Èkejì, ẹ yé fi ìtàn tí kò ní ẹ̀rí gba àkókò akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùkọ́ kan a máa sọ pé inú ìdìbò àwọn Gíríìkì àtijọ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀wà dìbò, ni "spill the beans" ti wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí rẹ̀; Amẹ́ríkà ni a ti rí i nínú ìwé ìròyìn, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1900.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé "sour grapes". Àlọ́ Aesop, apàlọ́ ará Gíríìkì àtijọ́, nípa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti èso àjàrà ti dé Ṣáínà tipẹ́, àwọn náà sì ń sọ pé ẹni tí kò rí àjàrà jẹ ni ó ń sọ pé àjàrà kan.

Ẹyin ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Huàidàn wọn, ẹyin tí ó bàjẹ́, àti "bad egg" bá ara wọn mu régé, ènìyàn burúkú ni méjèèjì, ṣùgbọ́n bèndàn, ẹyin tí kò gbọ́n, ni òmùgọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbọ́ "egghead", òmùgọ̀ ni wọn yóò rò, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ìwé kún orí rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń bá wí.

Ibi tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá ti ta àwọn olùkọ́ yòókù yọ wà, ibẹ̀ gan-an ni a sì ti ń kùnà. Àwa ń jẹ ìyà, a ń jẹ gbèsè, a sì ń jẹ oyè. Chī, ìyẹn "jẹ" ti àwọn ará Ṣáínà, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: chī kǔ, kí a jẹ ohun kíkorò, ni kí a fara da ìṣòro, chī kuī ni kí a pàdánù, chī cù, kí a jẹ ọtí kíkan, ni kí a máa jowú nítorí olólùfẹ́. "Eat" ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ru ẹrù tó bẹ́ẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "I can eat bitterness" sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, ẹ má kàn fa ìlà pupa sí i. Ẹ sọ fún un pé àwa náà ń jẹ ẹ́ nílé wa, ṣùgbọ́n "endure hardship" ni ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́ máa gbọ́.

Ẹ kọ "fired", tí wọ́n lé níṣẹ́, àti "fried", tí wọ́n dín, sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú pátákó. Chǎo yóuyú, kí a dín squid, ẹran inú òkun kan tí ara rẹ̀ rọ̀, ni wọ́n ń pe lílé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé squid a máa ká bí iná bá kàn án, bí òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé ṣe ń ká ẹní rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi tètè ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Fún ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí a gbà gbọ́ tán, "pinch of salt" ni ti Bìrìtìkó, "grain of salt" ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ mú ọ̀kan.

Èyí tí ó kù ni kí olùkọ́ máa ti inú ìwé atúmọ̀ èdè kó Ṣáínà wọ kíláàsì. Obìnrin kan sọ fún mi níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun se tófù, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, mo sì fi èdè rẹ̀ béèrè bóyá mo lè jẹ tófù rẹ̀. Kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. N kò mọ̀ pé chī dòufu ni wọ́n ń pe fífọwọ́ pa obìnrin lára lọ́nà àìtọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn, ó sì gbà. Láti ìgbà náà, kò sí gbólóhùn Ṣáínà kan tí mo ń gbé wọ kíláàsì láìjẹ́ pé mo ti kọ́kọ́ fi han ẹni tí ó gbọ́ ọ láti kékeré.